Ẹni Tó Di Okùn Mú Kì Í Kí Ènìyàn

Orí ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Inú ilẹ̀ ni èmi ti wá tèmi. Agbẹ́kànga ni mí ní Ṣakí níbí, láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù títí di ìgbà tó funfun tán. Bí ẹ bá rí mi lónìí lórí àga nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, tí mo ń pariwo mọ́ ewúrẹ́ aládùúgbò, ẹ má rò pé ibẹ̀ ni mo ti lo ayé mi. Kànga tí mo gbẹ́ wà káàkiri, láti Ṣakí dé Agó-Àmọ̀dú, títí dé ẹ̀bá Òkèhò. Àwọn tó ń fa omi nínú àwọn mìíràn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ènìyàn ló gbẹ́ ẹ, wọ́n rò pé Ọlọ́run dá a mọ́ ilé ni. Mi ò bá wọn jà.

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ló ní kí n kọ ìtàn yìí sílẹ̀. Wọ́n ń wá iṣẹ́ tí wọn yóò fi ayé wọn ṣe, ọkàn wọn ò sì balẹ̀. Ẹni tó kàwé ò ríṣẹ́, ẹni tí kò kàwé náà ò ríṣẹ́, ohun gbogbo sì ti wọ́n lọ́jà. Ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin bi mí pé, "Bàbá, báwo lẹ ṣe ń gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run nígbà tí ẹ ò mọ bí ọ̀la ṣe máa rí?" Mo ní kó fa àga, kó jókòó, nítorí mi ò ní ìdáhùn kúkúrú.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ náà kò lọ́rọ̀ nínú. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá mi, àwa ọmọ rẹ̀ pọ̀ ju ilẹ̀ rẹ̀ lọ, ó sì mú mi lọ bá Bàbá Láyíwọlá. Ohun tí wọ́n jọ sọ nípa owó ìkọ́ṣẹ́, àárín ara wọn ló wà. Ènìyàn kúkúrú ni Bàbá Láyíwọlá, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Díákónì ni nínú ìjọ wa, ó máa ń rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n mi ò rí i kó rẹ́rìn-ín lẹ́nu kànga rí. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé, kò jẹ́ kí n wọ inú kànga kankan. Ilẹ̀ tí wọ́n bá wà jáde ni mo ń rù lọ dànù, bí mo bá sì dà á nù tán, á pè mí, á ní kí n fi ọwọ́ pa á, kí n sọ ohun tó jẹ́ fún òun. Ilẹ̀ pupa ló ń kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà ni yangí, òkúta pupa tó le koko yẹn, lẹ́yìn yangí ni ilẹ̀ funfun kan tó dà bí èlùbọ́. Bí èlùbọ́ yìí bá ti ń tutù lọ́wọ́, omi ò jìnnà mọ́.

Òfin rẹ̀ pọ̀. Èkínní ni pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan la ń gbẹ́ kànga. Àwọn ènìyàn á wá nígbà òjò, wọ́n á máa bẹ̀ ẹ́ pé kó wá gbẹ́ tiwọn, pé omi ti sún mọ́ tòsí, pé iṣẹ́ náà ò ní pẹ́. Á ní kí wọ́n padà wá nígbà tí ọyẹ́ bá ti gbẹ gbogbo ilẹ̀ kanrin-kanrin. Kànga tí ènìyàn bá gbẹ́ nígbà òjò, omi òjò ló bá pàdé, kò tíì rí omi ilẹ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ àkọ́kọ́ ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Nítorí náà, ìgbà tí omi ò sí níbì kankan ni àwa máa ń wá omi. Mo rò pé orí ọ̀gá wa ò pé, títí mo fi rí i pé kànga tirẹ̀ nìkan ni kì í gbẹ ní àdúgbò.

Òfin kejì jẹ́ ti àdúrà àti àtùpà. Láràárọ̀, a ó dúró lẹ́nu kànga, a ó gbàdúrà. Lẹ́yìn náà, á tan àtùpà, á so ó mọ́ okùn, á sọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀. Bí iná bá kú, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò ní wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ọ̀gá, ṣé àdúrà tí a gbà yẹn ò tó ni?"

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Àdúrà la fi bẹ̀ Ẹ́ pé kó ṣọ́ wa. Àtùpà yìí lÓ fi ń ṣọ́ wa. Gbé e wá, jàre."

Òfin kẹta ló le jù, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí. Okùn méjì la máa ń lò. Ọ̀kan wà fún garawa tí à ń fi fa ilẹ̀ jáde. Èkejì, ìdí ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni a ń so ó mọ́, ẹnì kan á sì dì í mú lókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó bá di okùn ìdí yìí mú kì í kí ènìyàn, kì í sì í dáhùn bí wọ́n bá kí i. Ì báà jẹ́ ọba ló ń kọjá, kò gbọdọ̀ yíjú. Ẹ̀yin náà mọ ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọ tí kò bá kí àgbà, ilé rẹ̀ ni wọ́n máa ń bú mọ́ ọn. Nítorí náà, gbogbo ibi tí a bá ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ti ń pe àwa ọmọ Láyíwọlá ní aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Èmi àti Ràímì la jọ bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ náà lọ́dún kan. Ọmọ ààfáà ni Ràímì, Mùsùlùmí tòótọ́, a sì jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà. Ó ga, ó lágbára, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́ bí kò bá sí lẹ́nu kànga. Lọ́jọ́ kan, èmi ni mo wà nísàlẹ̀, ó sì di okùn mú lókè. Ẹni tó máa kọjá lọ́nà ni bàbá ọmọbìnrin tó ń fẹ́. Àna ọ̀la ni. Bàbá náà ní, "Ràímì, ẹ kú iṣẹ́ o." Ràímì gbàgbé okùn, ó gbàgbé mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bó ṣe ń lọlẹ̀, ó fi apá gbá garawa òkúta tó wà létí kànga, garawa sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀gbẹ́ etí mi ló gbà kọjá, ó sì gúnlẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ mi méjèèjì.

Ọ̀gá wa ò na Ràímì. Ọjọ́ kejì, ó ní kí Ràímì wọ inú kànga, kí èmi di okùn mú. Lẹ́yìn náà ló rán ènìyàn lọ sí gbogbo àdúgbò pé kí wọ́n wá kí mi. Wọ́n wá lóòótọ́. Wọ́n ń kí mi kúuṣẹ́, wọ́n ń ki oríkì mi, àwọn kan ń bi mí léèrè ara ilé, mo kàn ń wo ojú kànga. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ ohùn ìyá mi. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé dáadáa lo jí?" Mi ò dáhùn. Ó tún kí mi, ohùn rẹ̀ ti ń yí padà. Mi ò dáhùn. Inú kànga lọ́hùn-ún, mo gbọ́ tí Ràímì ń sunkún. Àṣé gbogbo kíkí yẹn ló ń gbọ́, tó ń dúró wò ó bóyá mo máa dá ẹnì kan lóhùn, kí òkúta sì wá bá òun. Nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi fún gbogbo ìkíni tí mo jẹ ẹ́.

Láti ọjọ́ náà, Ràímì ò tún kí ènìyàn lẹ́nu kànga mọ́. Ó fẹ́ ọmọbìnrin yẹn náà, ẹ má bẹ̀rù. Bàbá rẹ̀ ní ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu kòtò fún òun ò lè fìyà jẹ ọmọ òun.

A gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá wa, a sì jọ ń ṣiṣẹ́ ni, èmi pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún. Ó di bàbá, mo di Bàbá Tóyìn. Irinṣẹ́ ń yí padà lójú wa. Ọkọ́ kékeré, dígà àti òòlù la fi bẹ̀rẹ̀, a sì ń fa ilẹ̀ sókè pẹ̀lú okùn tí àwọn àgbà fọwọ́ lọ́. Nígbà tó yá, okùn ọ̀rá dé, tí kì í jẹrà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ríìngì dé, róbótó onísìmẹ́ńtì tí wọ́n ń tò síra wọn nínú kànga kí ilẹ̀ má bàa ya. Owó ni ríìngì, ibi tí agbára wọn ò bá ká a, ẹ̀gbẹ́ kànga á wà ní ilẹ̀ lásán. A ti ń rò pé kò sí ohun tuntun mọ́ nígbà tí ọkọ̀ bọ̀hóòlù wọ ìlú. Mo lọ wò ó. Ẹ̀rọ náà gbẹ́ ohun tí èmi àti Ràímì máa fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ gbẹ́, kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ràímì dúró tì mí, ó ní, "Bàbá Tóyìn, ẹ̀rọ yìí kì í kí èèyàn náà." A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé inú.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ẹnikẹ́ni ò kanlẹ̀kùn. Àkàrà tí ìyàwó mi ń dín níwájú ilé ló wá ń gbé wa ró, àwọn ọmọ sì wà nílé ìwé. Àsìkò yẹn ni mo kọ́ bí ènìyàn ṣe ń gbàdúrà láìmọ ohun tó yẹ kó béèrè. Ṣé kí n ní kí ẹ̀rọ wọn bàjẹ́ ni? Mo kàn ń sọ pé, Olúwa, Ìwọ lo mọ ibi tí omi wà. Ọlọ́run ń bọ́ wa, mi ò ní parọ́ mọ́ Ọn. Ebi ò pa wá kú, aṣọ ò ya tán mọ́ wa lára, ìyàwó mi sì ń kọrin nídìí àkàrà rẹ̀ láràárọ̀.

Ìgbà náà ni wọ́n wá pè wá láti Ìdí-Ọ̀dán. Abà àwọn àgbẹ̀ ni, lẹ́yìn Agó-Àmọ̀dú. Ọkọ̀ bọ̀hóòlù ò lè dé ibẹ̀, nítorí afárá tó wà lójú ọ̀nà ò lè gbé e. Odò tí màlúù ń mu ni àwọn obìnrin wọn ń pọn, ìgbẹ́ gbuuru sì ń dààmú àwọn ọmọ wọn ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Baálẹ̀ wọn, ọdẹ àgbà kan tó ń bọ Ògún, ló fúnra rẹ̀ gun ọ̀kadà wá sílé mi. Ó ní, "Ẹ̀yin ni wọ́n ní ẹ máa ń rí omi níbi tí kò sí." Mo ní Ọlọ́run ló ń rí i. Ó ní, "Ẹ pè É kẹ́ ẹ jọ máa bọ̀."

Ní ti ọjọ́ tí ilẹ̀ wó, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa: gbogbo nǹkan la ṣe bó ṣe yẹ. Ẹ̀ẹ̀rùn ni. A gbàdúrà, èmi gba tèmi, Ràímì gba tirẹ̀. Àtùpà sọ̀ kalẹ̀, ó ń jó geere. Okùn tuntun ló wà ní ìdí mi. Ẹni tó bá ń wá ibi tí a ti ṣi ẹsẹ̀ gbé, kò ní rí i. Ilẹ̀ rírọ̀ kan ló fara pamọ́ sẹ́yìn yangí ní agbede méjì kànga náà, ojú ènìyàn ò sì lè rí i.

Mo gbọ́ ìró kan lókè orí mi, bí ìgbà tí wọ́n bá da àgbàdo sílẹ̀ láti inú àpò. Kí n tó gbójú sókè, ilẹ̀ ti bò mí dé àyà. Eruku dí mi lójú, ó dí mi lẹ́nu. Mi ò lè gbé ẹsẹ̀, mi ò lè mí dáadáa, ilẹ̀ sì tún ń ya díẹ̀díẹ̀, tó ń fà mí lọ sísàlẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lókè, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n sọ ọ́ fún mi. Ràímì ti wé okùn mọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ òpó tí a rì mọ́lẹ̀, ó sì dì í mú. Ẹnu kànga ń ya lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ń sọ pé kó fi sílẹ̀, kó má bàa bá mi kú. Baálẹ̀ dé, ó pàṣẹ fún un pé kó kúrò níbẹ̀. Ràímì ò dáhùn, kò sì wo ojú rẹ̀. Baálẹ̀ kọ́kọ́ rò pé orí rẹ̀ ti dàrú ni. Nígbà tó wá rí bí okùn náà ṣe le, tó mọ̀ pé ènìyàn ṣì wà lórí rẹ̀, bàbá arúgbó náà jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn Ràímì, ó sì fi apá méjèèjì gbá a mú níbàdí.

Èmi ò mọ gbogbo ìyẹn. Àdúrà tí mo gbà lábẹ́ ilẹ̀ ò lẹ́wà. Mo kọ́kọ́ pe Jésù, lẹ́yìn náà mo ń pe orúkọ àwọn ọmọ mi, lẹ́yìn náà mi ò lè pe nǹkan kan mọ́. Mi ò gbọ́ ohùn, mi ò rí ìran. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni pé okùn ìdí mi le. Bí ilẹ̀ bá fà mí díẹ̀, okùn á tún le sí i. Mo wá ń sọ ọ́ nínú ọkàn mi pé, Olúwa, ẹnì kan ṣì wà lókè. Gbogbo ìgbàgbọ́ tí mo ní lọ́jọ́ náà kò ju ìyẹn lọ.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, wọ́n sọ garawa sí mi. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lókè ilẹ̀, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n wa ara mi jáde. Bí garawa bá kún, wọ́n á fà á, wọ́n á tún sọ̀ ọ́ padà. Mo wà á dé ìbàdí, mo wà á dé orúnkún. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí wọ́n fà mí jáde, pẹ̀lú ẹsẹ̀ òsì tó ti wú. Mo wá rí ọwọ́ Ràímì. Okùn ti jẹ wọ inú ẹran, ìka rẹ̀ ò sì ṣí mọ́. Ìyàwó Baálẹ̀ ló fi òrí pa á títí wọ́n fi rí okùn náà tú kúrò. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn, ó san, ṣùgbọ́n ìka mẹ́ta nínú ọwọ́ náà ò ká mọ́ títí dòní.

Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ará yòókù gbọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ń wá kí mi, oníkálukú sì ń mú ìdí tí ilẹ̀ fi wó wá pẹ̀lú rẹ̀ bí ẹni mú ọsàn wá fún aláìsàn. Ọ̀kan ní ọ̀tá ni. Ọ̀kan ní nítorí pé mò ń bá ẹlẹ́sìn mìíràn ṣiṣẹ́ ni, ẹlẹ́sìn mìíràn tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú báńdéèjì nítorí mi. Àgbà ìjọ kan fà mí sún mọ́ra, ó ní, "Bàbá Tóyìn, ẹ yẹ ara yín wò."

Ìyàwó mi ń po àkàrà lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà. A ti yẹ̀ wọ́n wò, ẹsẹ̀ òsì ló ń dùn wọ́n."

Pásítọ̀ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, òun náà wá. Ó jókòó pẹ́. Ó ní, "Bàbá, mi ò mọ ìdí tó fi wó." Lẹ́yìn náà, ó bá wa jẹ àkàrà. Ọjọ́ náà ni mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹsẹ̀ mi san, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò lọ. Kànga tó wà nínú ọgbà mi, tí mo fọwọ́ ara mi gbẹ́, mi ò lè sún mọ́ ọn mọ́. Bí mo bá gbọ́ tí ilẹ̀ ṣí díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ewúrẹ́, òógùn á bò mí. Inú ń bí mi sí Ọlọ́run, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ti gbàdúrà, mo ti tan àtùpà, ilẹ̀ sì wó. Mo gbààwẹ̀ pé kó mú ẹ̀rù náà kúrò, kí n lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo jí lọ́jọ́ tí mo parí ààwẹ̀, ẹ̀rù ti jí ṣáájú mi.

Ìròyìn Ìdí-Ọ̀dán sì ń dé etí mi. Àwọn agbẹ́kànga mìíràn kọ iṣẹ́ náà, wọ́n ní ilẹ̀ ọ̀hún ti tọ́ ènìyàn wò. Odò màlúù náà ni wọ́n ṣì ń pọn. Baálẹ̀ ò bínú, kò sì ránṣẹ́ pè wá. Iṣu ló ń fi ránṣẹ́ sílé mi, lọ́pọ̀ ìgbà, láìsọ ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé irú iṣu bẹ́ẹ̀ wúwo ju èébú lọ.

Òjò lọ, ọyẹ́ dé. Ràímì wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó, ó jẹ àkàrà mi, ó ní, "Kànga Ìdí-Ọ̀dán ń retí wa."

Mo ní, "Ọwọ́ wo lo fẹ́ fi di okùn mú?"

"Èyí tó kù. Màá so ìyókù okùn mọ́ ìbàdí mi."

"Tí ilẹ̀ bá tún ya ńkọ́?"

"Àwọn ọkùnrin abà ń to ríìngì síbi tó ya. Baálẹ̀ ti rà á. Wọ́n yí wọn nílẹ̀ kọjá afárá yẹn, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Mo wo ìyàwó mi. Mo rò pé yóò ní kí n má lọ, mo tilẹ̀ ń retí rẹ̀. Ó da ọwọ́ àkàrà kan sínú epo, ó ní, "Ẹ mú àtùpà wa lọ o, tàwọn abà yẹn lè má dáa."

A dé ibẹ̀. Àwọn ọkùnrin abà ti wa ilẹ̀ tó wó kúrò, wọ́n ti to ríìngì, ó ku kí agbẹ́kànga wọlé. Mo gbàdúrà. Mo sọ àtùpà kalẹ̀, iná ń jó. Ràímì jókòó, ó so okùn mọ́ ìbàdí rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ òpó, ó sì fi ọwọ́ òsì di okùn mú. Mo gbé ẹsẹ̀ kan lé etí kànga. Ẹsẹ̀ kejì ò tẹ̀lé e. Mo dúró síbẹ̀, gbogbo abà ń wò mí, àwọn obìnrin pẹ̀lú ìkòkò wọn. Mo ní, "Ràímì, jẹ́ kí n gbàdúrà sí i, ẹ̀rù yìí ò tíì lọ."

Ojú kànga ló ń wò, kò wò mí. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo gbọ́ tó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú okùn lọ́wọ́ láti ọjọ́ tó ti dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀.

Ó ní, "Kò ní lọ, Bàbá Tóyìn. Ẹ̀rù tèmi náà wà níbí. Jẹ́ kó bá ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Mo sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo kọjá ibi tí ilẹ̀ ti ya, mo fi ọwọ́ kan ríìngì, okùn sì le ní ìdí mi. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń jókòó sílé, mo rò pé Ọlọ́run máa fún mi ní ìgbàgbọ́ kí n tó wọlé, bí ẹni gba owó ọkọ̀ kí ó tó rìnrìn-àjò. Èyí tí mo nílò fún ìgbésẹ̀ kan lÓ ń fún mi, ní ìgbésẹ̀ kan. Mo gbẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo gbẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rù ń bá mi wọlé, ó ń bá mi jáde, a sì mọ ara wa dáadáa. Èlùbọ́ funfun dé. Ó tutù lọ́wọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ju dígà mọ́lẹ̀, mo sì gbọ́ ìró mìíràn. Omi yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó funfun, ó bo ìka ẹsẹ̀ mi, ó gòkè dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo jókòó sínú rẹ̀, mo sì sunkún. Ayọ̀ ni, ìtìjú ni, ìbínú tí mo ti ní sí Ọlọ́run náà wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń jáde.

Garawa tí wọ́n kọ́kọ́ fà, ẹrẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó mọ́. Mo gòkè, mo bá àwọn obìnrin tó ń jó, mo bá Baálẹ̀ tó ń ta omi sílẹ̀ fún Ògún rẹ̀. Ràímì ti tú okùn kúrò ní ìbàdí. Àkókò ìrun ọ̀sán rẹ̀ ti tó, ó fẹ́ ṣe àlùwàlá, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti bàjẹ́ ò lè gbé kẹ́tùlù. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bu omi kànga wa sí i, mo bẹ̀rẹ̀, mo sì ń da omi sí i lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó fọ ọwọ́ tó dára, ó fọ ìka mẹ́ta tí kò ká mọ́, ó fọ ojú, ó fọ ẹsẹ̀. Ó kírun lórí òkìtì ilẹ̀ tí a wà jáde, èmi náà kúnlẹ̀ lápá kejì òkìtì náà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run mi.

Nígbà tó parí, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò ní orúnkún, ó sì wo inú kànga. Ẹrẹ̀ ṣì kù nísàlẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ kó jáde kí omi tó kún. Ó jókòó, ó fi ẹsẹ̀ tẹ òpó, ó sì na ọwọ́ sí okùn. Mo so ó mọ́ ìdí mi, mo gbé ẹsẹ̀ kan lé etí kànga, èkejì sì tẹ̀lé e, èmi àti ẹ̀rù mi bá tún sọ̀ kalẹ̀.